Láti Fọ́ọ̀mù JAMB Dé Oyè Ọ̀mọ̀wé: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí Lórí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ní Nàìjíríà

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Iṣẹ́ mi ni kí n bá ọmọ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kí n tẹ ìwé jáde, kí n gba owó mi. Ṣùgbọ́n tí àsìkò JAMB bá ti wọlé, ìbéèrè tí mò ń dáhùn máa ń pọ̀ ju ìwé tí mò ń tẹ̀ lọ. Bàbá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìyá á dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ á tẹjú mọ́ fóònù. Èyí tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí.

Ṣé yunifásítì nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga?

Rárá o. Ilé mẹ́ta ni: yunifásítì, pólì, àti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó o. NUC ló ń rí sí yunifásítì, NBTE ló ń rí sí pólì, NCCE sì ni ti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Gíwá ni ọ̀gá yunifásítì, rector ni ti pólì, provost ni ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń pe ara rẹ̀ ní gíwá pólì, ẹ rọra bi í dáadáa.

Yábàá ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba amúnisìn dá Yaba Higher College sílẹ̀ ní 1932, àmọ́ ẹni tó bá jáde níbẹ̀ kì í gba oyè yunifásítì. Ìwé-ẹ̀rí tó ń gbà, ilẹ̀ yìí nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ó sì bí àwọn èèyàn nínú gan-an nígbà náà. Ní 1948 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn dé, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà. Oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbà títí di 1962 tó dá dúró. Nsukka ti ṣí ní 1960. Ọdún 1962 yẹn náà ni ti Ifẹ̀, ti Èkó àti ti Zaria dé. Ifẹ̀ gan-an, Ìbàdàn ló ti kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ọdún 1967 ló tó kó dé Ilé-Ifẹ̀. Títí di 1999, ìjọba nìkan ló ni yunifásítì. Ọdún yẹn ni wọ́n fún Babcock, Igbinedion àti Madonna níwèé àṣẹ. Lónìí, yunifásítì tó wà ní Nàìjíríà ti lé ní 250.

Ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti aládàáni: kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Owó ni ìyàtọ̀ tó kọ́kọ́ ń hàn sí òbí. Ti ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ gan-an lọ́wọ́ ọmọ tó ń gba oyè àkọ́kọ́, àmọ́ owó ìforúkọsílẹ̀, owó yàrá ìwádìí, owó ilé gbígbé àti àwọn owó kéékèèké mìíràn wà, wọn kò sì kéré mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ gbówó lórí ju ìyẹn lọ, ọmọ ìpínlẹ̀ náà a sì máa san díẹ̀ sí ti àlejò. Ti aládàáni, ẹ di ìgbànú yín dáadáa. Ìwé-ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yàtọ̀ síra lójú òfin.

Kí ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní kó tó lè wọ yunifásítì?

Nǹkan méjì, ọ̀kan kò sì lè rọ́pò èkejì.

Àkọ́kọ́ ni èsì ìdánwò girama, WAEC, NECO tàbí NABTEB: kírẹ́dìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, kí ìṣirò náà sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́. Ọmọ lè pa èsì ìjókòó méjì pọ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Èsì yìí kì í kú. WAEC tí ìyá ọmọ ṣe ní 1994 ṣì wúlò títí dòní.

Èkejì ni ìdánwò JAMB. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí, iṣẹ́ mẹ́rin (subject ni wọ́n ń pè é), 400 máàkì. Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan fún gbogbo èèyàn. Mẹ́ta yòókù wà lọ́wọ́ ohun tí ọmọ fẹ́ lọ kà. Èsì ti JAMB kì í kọjá ọdún kan.

Ibi iṣẹ́ mẹ́ta yẹn ni wàhálà máa ń wà. Ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi lọ́dún kan, ó fẹ́ ka ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ibòmíràn ló ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Mo wo ìwé rẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, ọrọ̀-ajé, ìmọ̀ ìjọba, lítíréṣọ̀. Mo ní ìṣirò dà? Ó ní òun kò fẹ́ràn ìṣirò. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ọrọ̀-ajé tí kò ní ìṣirò, ẹ̀bà tí kò ní gààrí ni.” Ó gba máàkì tó dára lọ́dún yẹn o, ṣùgbọ́n kò sí yunifásítì tó lè fún un ní ohun tó bèèrè. JAMB ní ìwé ìtọ́sọ́nà kan tí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tó bá a mu. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kà á kó tó tẹ bọ́tìnì kankan. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà, físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì ni tirẹ̀, kò sí ọ̀nà àbùjá.

Ọmọ mi gba 248, ọmọ aládùúgbò wa gba 220, wọ́n gba ọmọ aládùúgbò, wọn kò gba tèmi. Ṣé wọ́n fi owó ra á ni?

Mi ò lè búra fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ohun tó lè fa èyí láìsí owó pọ̀.

Máàkì tí JAMB ń kéde lọ́dọọdún, ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Bíi 140 tàbí 150 fún yunifásítì láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, 100 fún pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè gbé tirẹ̀ sókè, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú yunifásítì náà ní ibi tó ti ń gé e. 220 tó ka Yorùbá tàbí ẹ̀kọ́ ìsìn lè wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kí 248 tó fẹ́ ka ìmọ̀ òfin dúró síta.

Ìkejì, ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ wà, post-UTME tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ ti JAMB, ibòmíràn á tún ka èsì WAEC mọ́ ọn.

Ìkẹta ni ibi tí ọmọ ti wá. Nínú ti ìjọba àpapọ̀, ìlànà tó wà nílẹ̀ ni pé 45 nínú ọgọ́rùn-ún á wọlé pẹ̀lú máàkì nìkan, 35 á jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ẹ̀kọ́ náà ká, 20 á jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tó kù sẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́. Ọmọ Ọ̀ṣun tó ń wá Ifẹ̀ àti ọmọ Delta tó ń wá Ifẹ̀ kò jókòó sórí àga kan náà. Inú mi kì í dùn sí i tí mo bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ tó ti kàwé dọ́gànjọ́.

Wọ́n ní wọ́n ti fún ọmọ ní àyè, kí ló tún kù?

Kó wọ orí CAPS, ìyẹn ojú-ewé JAMB tí àyè ti ń jáde láti 2017, kó sì gbà á fúnra rẹ̀. Ọmọ tí kò bá tẹ bọ́tìnì pé òun gbà, àyè náà lè bọ́. Lẹ́yìn náà kó tẹ lẹ́tà ìgbaniwọlé JAMB jáde, nítorí NYSC á bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ tó ṣe JAMB kí èsì WAEC tó jáde gbọ́dọ̀ padà lọ gbé èsì WAEC yẹn sórí ìkànnì JAMB. Ẹ má rò pé wọ́n á lọ wá a fúnra wọn. Ní oṣù kẹwàá, àwọn tó ń sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ìdajì wọn ni kò gbé èsì sókè.

Kí ni Direct Entry?

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ni, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò yìí, nítorí àwọn èèyàn kì í rí i. Ọmọ tó bá ti ní ìwé-ẹ̀rí tó ju ti girama lọ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì, kò sì ní jókòó ṣe ìdánwò JAMB. Fọ́ọ̀mù nìkan ni yóò gbà. Ìwé-ẹ̀rí wo nìyẹn? A-Level, IJMB tàbí JUPEB, èyí tí wọ́n ń fi bí ọdún kan kà. ND àti HND láti pólì. NCE láti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Tàbí oyè yunifásítì mìíràn.

Ìyẹn ni pé àwọn ilé mẹ́ta tí mo kà lókè yẹn ní ilẹ̀kùn síra wọn. Ọmọ tí JAMB já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tó sì jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta, ká ní ó ti lọ gba NCE ni, ìgbà yẹn gan-an ni ì bá máa wọ ọdún kejì ní yunifásítì, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí kan lápò. Àmọ́ òbí á ní, “Ọmọ tèmi kò ní lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.” Ẹ kú ìjókòó o.

Ọdún mélòó ni wọ́n ń lò, kí sì ni 100 level?

Ọdún kìíní ni 100 level, ọdún kejì ni 200 level, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Ọdún kọ̀ọ̀kan pín sí sẹ̀mẹ́sítà méjì. Ẹ̀kọ́ èdè, ìtàn, sáyẹ́ǹsì, ìṣirò owó, ìṣèlú: ọdún mẹ́rin. Òfin, ẹ̀rọ, ìtọ́jú aláìsàn: ọdún márùn-ún. Ìṣègùn ènìyàn àti ti ẹranko: mẹ́fà. Ìmọ̀ oògùn jẹ́ márùn-ún tẹ́lẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ti gba ètò PharmD ti sọ ọ́ di mẹ́fà. Àwọn ọmọ ẹ̀rọ máa ń lọ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà nínú ọdún márùn-ún yẹn, SIWES lorúkọ rẹ̀, láti 1973 ló ti wà.

Àwọn ẹbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń bi mí pé kí ló dé tí tiwa fi jẹ́ mẹ́rin nígbà tí tàwọn jẹ́ mẹ́ta. Ọmọ tọ̀hún ti jókòó ka A-Level fún ọdún méjì kó tó wọ yunifásítì. Láti WAEC ni ọmọ tiwa ti ń wọlé tààrà. Ìdí nìyẹn tí A-Level fi lè gbé ọmọ fo 100 level níbí.

Wọ́n ní ọmọ mi wà ní “2.94”. Kí ni wọ́n ń sọ?

Ẹ mú bírò. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n, unit ni wọ́n ń pè é. Máàkì 70 sókè ni A, àmì márùn-ún. 60 sí 69 ni B, mẹ́rin. 50 sí 59 ni C, mẹ́ta. 45 sí 49 ni D, méjì. 40 sí 44 ni E, ọ̀kan. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 40 ni F, òdo. Wọ́n á fi àmì lu ìwọ̀n, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi àpapọ̀ ìwọ̀n pín in.

Ká mú ọmọ 100 level kan. Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n 2, ó gba B: 8. Ìṣirò, ìwọ̀n 3, C: 9. Físíìsì, 3, A: 15. Kẹ́mísírì, 3, D: 6. Bàọ́lọ́jì, 3, B: 12. Kọ̀ǹpútà, 3, F: òdo. Àpapọ̀ àmì jẹ́ 50, ìwọ̀n jẹ́ 17. Ẹ fi 17 pín 50, 2.94 ló máa jáde.

Ẹ wá wo ohun tí F kan ṣoṣo ṣe. Ká ní C ló gbà nínú kọ̀ǹpútà, 59 ni àpapọ̀, ó di 3.47. Ká ní B ni, 62, ó di 3.65. Ìlà tó wà láàárín tú-wọ̀n àti tú-tú, kíláàsì oyè tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, sì nìyí, nítorí 3.50 ni tú-wọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó gba F sínú rẹ̀ yìí, ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Carry-over ni wọ́n ń pè é, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ ọ́ nílé.

Bí wọ́n ṣe ń pín oyè nìyí níbi tí àmì tó ga jù ti jẹ́ márùn-ún: 4.50 sókè ni fọ́ọ̀sì kíláàsì, 3.50 sí 4.49, tú-wọ̀n, 2.40 sí 3.49, tú-tú, 1.50 sí 2.39, tọ́ọ̀dì. Pass wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nígbà kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé “Let my people go” ni. Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ń lo márùn-ún o. Ìbàdàn lo méje fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà kí ẹ tó bínú sí 4.2 ẹnì kan, ẹ bèèrè pé nínú mélòó. Ìṣègùn kò sí nínú ètò kíláàsì yìí rárá. Kò sí dókítà tó ní tú-wọ̀n.

Pólì ńkọ́? Ṣé HND àti dìgírì kò dọ́gba?

Ọdún méjì fún ND. Ọdún kan fún iṣẹ́ níta, IT. Ọdún méjì mìíràn fún HND. Ẹ kà á: ọdún márùn-ún. Ọmọ yunifásítì tó lo mẹ́rin wá ń yọ ṣùtì sí i.

Àmì mẹ́rin ló ga jù ní ti pólì: 3.50 sókè ni distinction, 3.00 ni upper credit, 2.50 ni lower credit, 2.00 ni pass. Lower credit ló máa ń gbé ọmọ láti ND dé HND lẹ́yìn ọdún kan IT. Tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ yunifásítì, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló ń bèèrè upper credit.

Ti ìdọ́gba: lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọn kò tíì dọ́gba. Ẹni tó ní HND máa ń kan òrùlé ní ipele 14, tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó ní dìgírì á máa gòkè lọ. Ó ti pé ọdún púpọ̀ tí àwọn ọmọ pólì ti ń pariwo pé kí wọ́n yọ òrùlé yìí, àwọn aṣòfin pàápàá ti sọ̀rọ̀ sí i, ẹnu ni kò tíì kò. Tèmi ni pé iná ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ HND láti Ìlàró ló tún un ṣe lẹ́yìn tí àwọn mìíràn ti gba owó mi. Ẹni tó ní HND tó sì fẹ́ gba másítà, kó lọ ka PGD ọdún kan sáàárín.

NCE ńkọ́?

Ọdún mẹ́ta. Òun ni ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù tí òfin gbà fún olùkọ́ nílẹ̀ yìí. Ọmọ á lọ kọ́ kíláàsì gidi kó tó jáde, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ àti olùkọ́ àgbà lẹ́yìn tó ń wo ó. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ti di yunifásítì ẹ̀kọ́. Adéyẹmí ti Oǹdó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1964, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ta ló ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀?

Ẹni tó gba dìgírì tàbí HND tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lọ́jọ́ tó kàwé gboyè. Ọmọ ND kì í lọ, ọmọ NCE kì í lọ. Ẹni tó ti kọjá ọgbọ̀n á gba ìwé ìyọ̀ǹda. Ìjọba Gowon ló dá NYSC sílẹ̀ ní 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, pé kí ọmọ Ìbàdàn lọ mọ Kàtsínà, kí ọmọ Enugu wá mọ Ìṣẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń wà ní àgọ́, ìyókù ọdún náà wà fún iṣẹ́. Owó oṣù wọn ti di ₦77,000 báyìí. Ẹ ṣọ́ ọjọ́ ìbí ọmọ lórí gbogbo ìwé: bí ti WAEC bá yàtọ̀ sí ti NIN, ibi NYSC ló máa tú sí.

Kí ló wà lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́?

PGD kọ́kọ́ wà, ọdún kan, fún ẹni tó ní HND, ẹni tó ní tọ́ọ̀dì, tàbí ẹni tó fẹ́ yí ọ̀nà padà. Kì í ṣe oyè gíga, afárá ni.

Másítà ló tẹ̀ lé e. Lórí ìwé, ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀. Lójú ayé, ọ̀pọ̀ ń lo méjì tàbí mẹ́ta, nítorí iṣẹ́ ìwádìí tí alábòójútó kò tíì kà. Oríṣi méjì ló wà: èyí tó ṣí ọ̀nà sí oyè ọ̀mọ̀wé, àti ti àwọn oníṣẹ́, bíi MBA, tí kì í sábà ṣí i. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

MPhil wà láàárín, fún ẹni tí máàkì rẹ̀ nínú másítà kò gbé e dé PhD tààrà. Lẹ́yìn náà ni PhD, oyè ọ̀mọ̀wé, ọdún mẹ́ta lórí ìwé. Ọ̀mọ̀wé lọ́la á kọ àbá ìwádìí, á dúró níwájú ẹ̀ka láti gbèjà rẹ̀, á lọ ṣe iṣẹ́ náà, á kọ ọ́, wọ́n á wá pe onídàánwò kan láti yunifásítì mìíràn kó wá fi ìbéèrè gbọ̀n ọ́n wò. Mo ti tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún fún ọkùnrin kan. Ojú-ewé 312. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, “ìkẹyìn” ló ń kọ sí orúkọ fáìlì náà.

Ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n ni oyè tó tẹ̀ lé ọ̀mọ̀wé?

Rárá, ipò iṣẹ́ ni. PhD ni òpin oyè tí èèyàn ń kàwé gbà. Olùkọ́ yunifásítì á gòkè láti graduate assistant, á kọjá lecturer kejì àti kìíní, á di senior lecturer, á di reader, kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìwádìí tó tẹ̀ jáde àti ọdún tó lò ni wọ́n fi ń gbé e sókè.

Ẹ wá fi èyí sọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ń fi oyè ọlá dá olówó àdúgbò lọ́lá. Ẹ̀bùn ni, kò yàtọ̀ sí pé ọba fi èèyàn joyè. Àwọn gíwá ṣèpàdé ní Keffi ní 2012, wọ́n fẹnu kò pé ẹni tó bá gba oyè ọlá kò gbọ́dọ̀ máa pe ara rẹ̀ ní Dókítà. Ẹ wo pátákó ìpolówó àti káàdì ìyàwó, ẹ ó mọ bí àṣẹ náà ṣe múlẹ̀ tó.

Ọmọ tó ka òfin tàbí ìṣègùn, ṣé ó ti parí?

Ó kù. Ẹni tó gba LLB kò tíì di lọ́yà. Ó gbọ́dọ̀ lọ Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà, tí olú rẹ̀ wà ní Bwari lẹ́bàá Àbújá, kó yege ìdánwò ibẹ̀, kí wọ́n tó pè é sí bárà. Dókítà á ṣe housemanship ọdún kan ní ilé ìwòsàn tí MDCN, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ dókítà, fọwọ́ sí, á sin ilẹ̀ baba rẹ̀, lẹ́yìn náà kó tó ronú àtidi akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ẹ̀yà ara kan. Ẹ fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò yín láti 100 level.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í ṣe gbájú-ẹ̀?

Ìbéèrè méjì ni, ọ̀kan ṣoṣo ni àwọn òbí ń bi. Ṣé NUC mọ yunifásítì yìí? Orúkọ gbogbo wọn wà lórí ìkànnì NUC, ìṣẹ́jú méjì ni. Èkejì ló ṣe pàtàkì jù: ṣé NUC ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kà níbẹ̀? Ilé-ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ojúlówó kí ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ má tíì gba àṣẹ. Àṣẹ kíkún jẹ́ ti ọdún márùn-ún. Onígbà díẹ̀ jẹ́ ti ọdún méjì. Wọ́n sì lè já ẹ̀ka pátápátá. Iṣẹ́ kan tún ní àjọ tirẹ̀ lórí ti NUC: COREN fún ẹ̀rọ, MDCN fún ìṣègùn, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ òfin fún òfin.

Wọ́n ní ọ̀nà Kùtọ́nù yá. Ṣé kí n rán ọmọ lọ?

Ètò tiwọn yàtọ̀, kò burú fúnra rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ ń lo ìlànà LMD bíi ti Faransé: lísáǹsì ọdún mẹ́ta, másítà ọdún méjì, dọ́kítọ́rà ọdún mẹ́ta. BAC ni ọmọ wọn fi ń wọlé, kò sí JAMB. Àwọn èèyàn wa ní Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n bí a ṣe mọ WAEC, yunifásítì ìjọba ní Abomey-Calavi sì ti wà láti 1970.

Ohun tó bà á jẹ́ ni àwọn tó ń ta ìwé-ẹ̀rí. Oníròyìn Nàìjíríà kan fi ara rẹ̀ ṣe oníbàárà, ó sì gba dìgírì láti Kùtọ́nù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí ìròyìn náà jáde, ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ dúró lórí títẹ́wọ́ gba ìwé-ẹ̀rí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ní oṣù kìíní 2024. Ọmọ tó jókòó kàwé níbẹ̀ lóòótọ́ wá ń jìyà pẹ̀lú ẹni tó rà á. Kí ẹ tó rán ọmọ lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní Àbújá, kì í ṣe lọ́wọ́ aṣojú tó ń gba kọmíṣọ̀n.

Ṣé ọdún mẹ́rin máa ń jẹ́ mẹ́rin?

Lọ́dọ̀ aládàáni, bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ ìjọba, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ló máa sọ. Ìyanṣẹ́lódì 2020 lo oṣù mẹ́sàn-án. Ti 2022 bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù kejì, ó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Àwọn olùkọ́ ní ẹjọ́ tiwọn, mo sì gbà pẹ̀lú wọn lórí púpọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó wọlé ní 2018 fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, ẹ bi í ìgbà tó jáde.

Níbo ni ẹni tí kò lówó ti lè yá owó?

NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Òfin rẹ̀ tuntun jáde ní oṣù kẹrin 2024. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún. Wọ́n á san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì lè fún ọmọ ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ. Kò ní èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni sísan padà máa bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ẹni tó bá ti rí iṣẹ́. NIN, BVN àti nọ́ńbà matric gbọ́dọ̀ bára mu.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, NCE ni mo ní láti 1996. Ṣé mo ṣì lè kàwé?

Ìyá kan ló bi mí ní èyí lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan tí kò síná. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n, ọmọ wọn tí a ń ṣe fọ́ọ̀mù fún ti bínú jáde lọ ra omi. Mo ní, “Ẹ mà lè kàwé, Màámi.” NCE wọn kò tíì kú. Ó lè gbé wọn wọ 200 level fún B.Ed. Bí wọn kò bá lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, Ìbàdàn àti Èkó ní ètò ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn. NOUN náà wà, yunifásítì ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1983, tí àwọn ológun tì pa lọ́dún kejì, tó sì tún ṣí lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Àwọn ibùdó rẹ̀ wà káàkiri ìpínlẹ̀, kò sì bèèrè ìdánwò JAMB.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n tẹ ojú-ewé náà jáde fún àwọn, kí n ká a kékeré, kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ rí i.